Talakchand Tí Ń Pààrọ̀ Aṣọ Ìwé

Iṣẹ́ ojú ayé ni àrùn Talakchand. Ibi tí ojú ènìyàn bá dé nìkan ló máa ń gbá. Láti ayé baba ńlá rẹ̀ ni ìdílé wọn ti ń tọ́jú yàrá ìwé mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Jeini, tí kì í pa ohun abẹ̀mí kankan, ní ìlú Patani. Gbogbo ìlú ló fọkàn tán an.

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ọdún fìtílà, ọjọ́ kan wà tí wọ́n máa ń kó àwọn ìwé náà síta. Olùtọ́jú a tú wọn, a ṣí wọn léwé léwé, a gbọn eruku wọn, a sì fi aṣọ tuntun wé wọn kí àwọn èrò tó wá wólẹ̀ níwájú wọn. Iṣẹ́ yìí sú Talakchand. Aṣọ nìkan ló ń pààrọ̀.

"Bàbá Mafat, ṣé ẹ yẹ inú wọn wò ṣá?" ni Jivi ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́dún kan.

"Ìwọ náà! Ta ló ń wo inú? Ṣé o ò rí i bí aṣọ wọn ṣe ń dán ni?"

Àwọn èrò ń kí i kú iṣẹ́, inú rẹ̀ ń dùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun abẹ́nú a máa yọ́ni ṣe.

Nígbà tó yá, Ìyá Ujam, ìyá tó bí i, dá oúnjẹ dúró pátápátá, bí àwọn àgbà ẹ̀sìn wọn ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá mọ̀ pé ilé ti yá. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún.

"Talak, ọmọ mi, gbé ìwé aláwòrán wúrà nì wá. Ibi tí ìyá Mahavira, olùkọ́ àgbà ẹ̀sìn wa, ti ń lálàá nígbà oyún rẹ̀. Ìyá mi fi hàn mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo fẹ́ rí i kí n tó lọ."

Àwọn àgbà fọwọ́ sí i. Talakchand gbé ìwé náà dé ẹ̀gbẹ́ ẹní ìyá rẹ̀, ó tú aṣọ tó ń dán. Ikán ló bá níbẹ̀. Wúrà ti di ìyẹ̀fun, ìyá Mahavira kò lórí, kò lẹ́sẹ̀ mọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá wọn dànù.

"Má pa wọ́n!" Ohùn ìyá náà kò ju èémí lọ. "Ìgbà wo lo ṣí i kẹ́yìn?"

Talakchand fẹ́ fi aṣọ tó ń dán náà bo ìwé padà.

"Ebi ló ń pa àwọn wọ̀nyí. Ìwọ ńkọ́, kí ló ń ṣe ọ́?"

Ìyá náà kọjú sí ògiri. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti jáde láyé.

Àwọn àgbà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Talakchand, wọ́n fún ìdílé mìíràn. Mafat ọmọ rẹ̀ kò ní dì í mú láéláé. Wọ́n tẹ́ ìwé náà sábẹ́ igi dóńgóyárò kí ikán lè jáde fúnra wọn, nítorí èèwọ̀ ni pípa wọn. Talakchand ni wọ́n ní kó jókòó tì í, kó máa lé ẹyẹ kí wọ́n má baà ṣa ikán jẹ. Jivi gbé oúnjẹ wá, ó jẹ ẹ́, kò mọ adùn rẹ̀. Ó fẹ́ sunkún ìyá rẹ̀, ẹkún kò wá. Ọkàn rẹ̀ ti kú tipiri. Ó kàn ń lé ẹyẹ ni.

Ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro. Ohun tí a bá fi síkàáwọ́ wa, ẹ jẹ́ ká máa tú inú rẹ̀ wò nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò wá. Ìyìn ènìyàn kì í lé ikán. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹni tí a fẹ́ràn jù yóò bèèrè ohun náà lọ́wọ́ wa, aṣọ tó ń dán kò sì ní lè dá a lóhùn.