Ládánì Tí Kì Í Sùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá gbé fóònù jù sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn kíndìnrín nílé.

1.

Mùsáfírù, ọmọ Ìwó tó ń ránṣọ ní Ifọ, ni ládánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ̀. Bó bá pe ìrun, ẹni tí kò fẹ́ dìde gan-an á dìde. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń lọ sí Abẹ́òkúta kí ẹ̀rọ bá a fọ ẹ̀jẹ̀, Ọlọ́hun sì ń dá a sí.

Oorun ló wá di wàhálà. Bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bíi pé ìjàlọ ń rìn nínú rẹ̀, àfi kó dìde kó máa rìn kiri. Nígbà tí kò kúkú rí oorun sùn, ó ń gba mọ́ṣáláṣí lọ, ó ń kírun òru. Àwọn ará àdúgbò rí i, wọ́n ní ládánì àwọn kì í sùn, wòlíì Ọlọ́hun ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wá kó gbàdúrà sí i lórí. Orí Mùsáfírù wú. Ẹni tí àìsàn ń fojú rẹ̀ rí màbo, òun ni wọ́n ń pè ní ẹni mímọ́, ó sì gbà.

2.

Àsmá'ù, ìyàwó rẹ̀, nìkan ló mọ òótọ́. Bí oorun bá jàjà gbé ọkọ rẹ̀ lọ, á máa hanrun, lójijì èémí á dúró, á tún wá fà á sókè bí ẹni tó rì sómi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí. Tójúmọ́ bá mọ́, á máa tòògbé nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá Hanifah, àìsàn lèyí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fáwọn nọ́ọ̀sì."

"Kí wọ́n wá fún mi lóògùn tí mi ò fi ní lè pe Àsùbáà mọ́? Àsmá'ù, ẹ̀bùn Ọlọ́hun ni."

Ẹ gbọ́ ẹnu ọkùnrin! Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Nurat níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bi í bó ṣe ń sùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní oorun òun dùn bíi ti ọmọ ọwọ́. Iyì tó ń gbà ládùúgbò ni kò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun. Obì ló wá ń jẹ lọ́sàn-án kójú rẹ̀ lè dá.

3.

Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù fọ́fọ́. Lọ́sàn-án gangan, Mùsáfírù ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ léèsì kan, oorun bá gbé e lọ lórí àpótí tó jókòó lé. Iná ran léèsì, ó ran aṣọ yòókù. Àsmá'ù tó ń gbé oúnjẹ bọ̀ ló rí èéfín. Ó ju abọ́ nù, ó kó wọnú ṣọ́ọ̀bù, ó wọ́ ọkọ rẹ̀ síta. Apá ọkùnrin náà kan ti bó. Ẹ̀rọ ìránṣọ àti aṣọ Iléyá àwọn aráàlú jóná ráúráú.

Mùsáfírù jókòó sẹ́bàá títì tó lọ sí Abẹ́òkúta, ó ń sunkún.

"Àsmá'ù, èmi kì í ṣe wòlíì kankan. Àìsùn yìí ń pa mí lọ."

4.

Lọ́tẹ̀ yìí, fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún Nurat. Nọ́ọ̀sì náà ò bínú, dókítà ló lọ pè. Dókítà ní ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ pé kí ẹsẹ̀ máa dà wọ́n láàmú tàbí kí èémí máa dúró lójú oorun. Ó ní ọkàn ló ń jìyà ẹ̀, ó sì lè gé ẹ̀mí èèyàn kúrú. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, èròjà irin ò tó níbẹ̀, ìyẹn sì ń dá kún wàhálà ẹsẹ̀ náà, wọ́n fún un. Wọ́n tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì fún un ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú bó bá ń sùn.

Ọlọ́hun tún wá fi àánú kún un. Àwọn tí aṣọ wọn jóná dárí jì í. Ìyá àgbà kan, Sùwéébátù, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò lò mọ́ fún un. Mo ní kí Ọlọ́hun má jẹ́ ká ṣàìmoore.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn ti là kí Mùsáfírù tó lajú. Uthman ọmọ lèmọ́mù ti bá a pe Àsùbáà. Ó fò dìde, ó ń bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ló dé tí kò jí òun. Àsmá'ù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, omi lójú, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Mo fẹ́ jí yín. Mo wá ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń mí, kò dúró rárá. Mi ò lè jí yín."

Mùsáfírù lọ ṣàlùwàlá, ó kírun tó ti kọjá, ó forí kanlẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Alhamdulillahi nìkan ló ń sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo kìlọ̀ fún yín o. Bí wọ́n bá bi yín nílé ìwòsàn bí ẹ ṣe ń sùn, ẹ má purọ́. Bí ẹni yín bá ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dúró, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má sì dá oògùn oorun rà fúnra yín. Ìyìn ará àdúgbò kì í wo àìsàn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.