Níyì Tó Ń Sá fún Ṣọ́ọ̀kì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó wà ní yunifásítì.

1. Olúwaníyì, ọmọ Àpáta, ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ìṣirò difẹrẹ́ńṣíà, èyí tí wọ́n fi ń wádìí bí nǹkan ṣe ń yí padà, ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá tún fìdí rẹmi, wọn yóò yọ ọ́ kúrò ní ẹ̀ka náà. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ rárá.

2. Safiyyah, ọmọ kíláàsì rẹ̀, mú un wọ ẹgbẹ́ tó ń kàwé pọ̀ ní Agbowó ní gbogbo Sátidé. Òfin wọn ni pé ṣọ́ọ̀kì á máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá kàn á ṣe ìṣirò lójú pátákó, á máa sọ ìdí ohun tó ń ṣe. Bó bá ṣì í, wọ́n á máa bi í léèrè títí á fi rí i fúnra rẹ̀.

Níyì kò fẹ́ kí àwọn tó kéré sí i rí àṣìṣe òun. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti ń sún mọ́ ọn, á ní òun ń lọ ra omi tútù fún gbogbo ilé. Bó bá dé, á fi fóònù ya àwòrán ìṣirò tí wọ́n ti ṣe sójú pátákó. Wọ́n tilẹ̀ ń yìn ín pé ó lawọ́!

"Níyì, jókòó," Safiyyah sọ lọ́jọ́ kan. "Ìwọ ló kàn."

"Ó ti yé mi, jàre."

"Ó dáa, ṣàlàyé ẹ̀ fún mi."

"Abeg, no stress me." Ó bọ́ síta.

3. Ìdánwò dé. Ìbéèrè kan ní tíì gbígbóná wà lórí tábìlì, báwo ni yóò ṣe máa tutù? Nínú àwòrán tó wà lórí fóònù Níyì, ìṣirò ẹja dídì tí wọ́n gbé jáde nínú fírísà, tó ń móoru díẹ̀díẹ̀, ni ẹgbẹ́ wọn ṣe. Ó ti há a sórí. Ó da gbogbo rẹ̀ kọ, ó kàn fi tíì rọ́pò ẹja.

Dókítà Ọ̀ṣuntókun, olùkọ́ wọn, ránṣẹ́ pè é. "Nínú ìwé tìẹ, bí tíì yìí ṣe ń pẹ́ lórí tábìlì ló ń gbóná sí i. Ta ló dáná sábẹ́ tábìlì?"

"Ẹ má bínú, sà."

Wọ́n na ṣọ́ọ̀kì sí i. "Fi ibi tó o ti ṣì í hàn mí."

Ó dúró níwájú pátákó, kò lè fa ìlà kan. Àánú rẹ̀ ṣe èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní ẹ̀ka náà.

4. Nígbà tó sọ ọ́ nílé, ìyá rẹ̀ sunkún títí. Wọ́n wá bi í pé, "Ṣé o ò rí ẹni tó lè kọ́ ẹ ni?"



Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ṣìṣe níwájú àwọn ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ má baà ṣìṣe níbi tí kò ti sí àtúnṣe. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè ló ń pọ́n ara rẹ̀ lójú.