Láptọ́ọ̀pù Tí Wọ́n Rán Ẹ̀wù Fún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á dópin, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín ń yọ yín lẹ́nu pé òun fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù.

1.
Ọmọbìnrin kan wà ní Ìlá Ọ̀ràngún tó ń jẹ́ Moríyọ̀. Àwòrán ilé ló ń yà. Á fi ẹ̀rọ ya ilé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́, ẹ ó sì máa rí yàrá àti pálọ̀ bíi pé ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́. Láptọ́ọ̀pù lásán ò lè gbé irú iṣẹ́ yẹn, àfi èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbá géèmù, torí ó lágbára.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn ní kó ya ilé-ìwé kan wá káwọn fi dán an wò. Bó bá dáa, wọ́n á gbà á síṣẹ́. Ìyá rẹ̀, Zipporah aránṣọ, ní máṣíìnì méjì. Ó ta ọ̀kan nítorí láptọ́ọ̀pù yìí. Máṣíìnì tó fi tọ́ ọmọ ló tà o!

"Àṣàkẹ́," oríkì ló fi pè é, "lọ béèrè lọ́wọ́ Bàbá Sàlámì kóo tó rà á."

2.
Bàbá arúgbó ni Bàbá Sàlámì, òwú ló fi so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ etí. Rédíò àti kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe. Moríyọ̀ fi àwòrán láptọ́ọ̀pù méjì hàn án lórí fóònù. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n yàtọ̀ síra. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, iná pupa àti iná àwọ̀ ewé ń tàn lábẹ́ bọ́tìnì rẹ̀. Èkejì dúdú, ó nípọn, kò níná kankan, ihò ńláńlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Dúdú yìí ni kóo rà," Bàbá Sàlámì wí. "Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ agbára máa ń gbóná, ó gbọ́dọ̀ ráyè mí. Bó bá sì bàjẹ́, màá rí i tún ṣe níbí. Èyíkéyìí tóo bá rà ṣá, má jẹ́ kí nǹkan kan dí ihò rẹ̀ o."

"Ẹ ṣeun, Bàbá." Ẹnu lásán ni. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní: kí ni ẹni tó ń tún rédíò ṣe mọ̀ nípa láptọ́ọ̀pù géèmù? Ó bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí wáásáàpù. "Oníná! Oníná ni kóo rà jàre!" Ló bá gba Òṣogbo lọ, ó ra oníná. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé iná ló fẹ́ fi yàwòrán ni?

3.
Nílé Zipporah, nǹkan iyì kì í wà níhòòhò. Tẹlifíṣọ̀n wọ aṣọ, rédíò wọ aṣọ, Bíbélì náà wọ aṣọ. Bí ọyẹ́ ṣe dé tí eruku pupa ń fẹ́, ìyá rán ẹ̀wù fún láptọ́ọ̀pù. Ó fi fóòmù sínú rẹ̀, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ojú rẹ̀ àti bọ́tìnì nìkan ló yọ síta.

"Eruku Ìlá ò ní rí i gbé ṣe," ni ìyá wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Moríyọ̀ rántí ọ̀rọ̀ ihò. Ṣùgbọ́n bó bá dárúkọ Bàbá Sàlámì, ìyá á bi í pé èwo ni wọ́n ní kó rà. Ó panu mọ́.

Láptọ́ọ̀pù ń gbóná lójoojúmọ́, Moríyọ̀ ní agbára rẹ̀ ló fà á. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta tó máa fiṣẹ́ ránṣẹ́, lọ́sàn-án gangan, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Gbogbo iná aláràbarà kú pi. Òórùn fóòmù tó jóná gba yàrá kan.

"Màámi! Mo gbé o!"

4.
Ọ̀kadà ló gbé tìyátọmọ dé ọ̀dọ̀ Bàbá Sàlámì. Moríyọ̀ kúnlẹ̀. "Bàbá, oníná ni mo rà. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí."

"Èmi ni mo wọ ẹ̀wù fún un, sà," ni ìyá wí.

Bàbá tú u. Òwú àti fóòmù ti dí fáànù pa. "Èyí ò lè jí mọ́," wọ́n ní. Zipporah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Máṣíìnì rẹ̀ ló ń rò.

Bàbá bá yọ nǹkan pẹlẹbẹ kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. "Inú èyí niṣẹ́ rẹ wà. Kò jó. Alihamudulilahi!" Wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, wọ́n fa láptọ́ọ̀pù dúdú kan yọ, ó nípọn, etí rẹ̀ ti kán. Irú èyí tí Moríyọ̀ kọ̀ gan-an ni. "Tèmi ni. Jókòó síbí, kóo parí iṣẹ́ rẹ."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó láàárín òkú rédíò. Bàbá ò sọ "ṣebí mo wí fún ọ" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ parí, ó fi ránṣẹ́, Ìbàdàn sì gbà á síṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tìyátọmọ lọ dúpẹ́. Moríyọ̀ ń sunkún. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa."

"Àmín. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ni kóo dọ̀bálẹ̀ fún bí ọkùnrin," wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ó ta máṣíìnì, kò sì fi bú ọ."

Moríyọ̀ yíjú sí ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lóòótọ́. Ẹ̀rín pa ìyá títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Owó oṣù ni Moríyọ̀ ń tọ́jú báyìí láti fi ra máṣíìnì mìíràn fún un. Láptọ́ọ̀pù oníná wà lórí pẹpẹ nílé wọn. Kò tanná mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má torí iná yan ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tó máa ṣe ni kí ẹ wò, kí ẹ sì wo ẹni tó máa bá yín tún un ṣe. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ tètè wí, kí ìtìjú má bàa jó nǹkan yín. Kí ẹ sì má fojú di ẹni tó ń jókòó sídìí iṣẹ́ kékeré ládùúgbò, torí abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.