Aṣọ Tí Kúbúrá Lù Lóǹtẹ̀

Kúbúrá, ọmọ Alájì Búrẹ́mọ̀ tó ń ta aṣọ ní ọjà Missèbo, kì í ṣe ahun. Ẹni tó bá pè é láhun parọ́ mọ́ ọn. Àṣekárími ni àrùn tirẹ̀. Bó bá ti fún èèyàn ní nǹkan, àfi kí gbogbo Kútọnu gbọ́, kí wọ́n sì máa gbọ́ ọ lọ.

Bàbá rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Ṣakété ni Alájì ti wá, ó sì là kó tó darúgbó. Nígbà ayé rẹ̀, opó á jí láàárọ̀, á bá aṣọ tuntun lẹ́nu ọ̀nà, kò ní mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Kúbúrá nìkan ló bí, òun ló sì jogún gbogbo rẹ̀. Nígbà tí bàbá ń kú lọ, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Kúbúrá, má fi sàráà mi sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ òsì rẹ mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe."

Kúbúrá ní òun ti gbọ́. Ìdajì ló gbọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá kú, kò sẹ́ni tó máa rántí pé ẹnì kan ń jẹ́ Kúbúrá. Ló bá ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà kan gbẹ́ òǹtẹ̀ igi fún òun, tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé: KÚBÚRÁ ỌMỌ BÚRẸ́MỌ̀ LÓ FI TỌRẸ. Ó wá tàdáà dúdú tí kì í ṣí lára aṣọ. Gbogbo aṣọ tó bá fi ṣàánú ló ń lù lóǹtẹ̀ lẹ́yìn, gàdàgbà. Ẹni tó bá wọ ọjà Dantokpa á ka orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn alágbe, lẹ́yìn alárù, lẹ́yìn afọ́jú tí kò lè kà á fúnra rẹ̀.

Kò parí síbẹ̀. Ó ń fi aṣọ funfun ránṣẹ́ sí mọ́ṣáláṣí láti fi sin òkú tálákà, ó sì ń lu ìyẹn náà lóǹtẹ̀. Alfa Ṣàkírù, lèmọ́mù àdúgbò, wá bá a. Ràṣídátù lorúkọ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Kúbúrá bí, orúkọ ọmọ yẹn ni Alfa fi ń pè é.

"Ìyá Ràṣídátù, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ òkú kì í ní orúkọ. Ọlọ́run mọ ẹni tó ṣe é."

"Alfa, ṣé Ọlọ́run nìkan ló ń gbé Kútọnu ni?"

Alfa mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá ṣe oore tí a lóṣòó tì í, bí aláìṣe ló rí. Kúbúrá tiẹ̀ tẹ́ ẹní ti tirẹ̀ ni.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ Hàwáù kú. Opó ni Hàwáù, òun ló ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́ṣáláṣí náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ ọ̀hún. Hàwáù wá kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Kúbúrá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi, ẹ fún mi ní èyí tí ẹ kò tíì lù lóǹtẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ mi ru orúkọ ẹlòmíràn lọ bá Ọlọ́run."

Kúbúrá rẹ́rìn-ín lójú àwọn oníbàárà. "Ọ̀fẹ́ náà lo tún ń ṣa èyí tó wù ọ́ nínú ẹ̀? Bó o bá lè fọ̀ ọ́ kúrò, máa fọ̀ ọ́."

Hàwáù gba aṣọ náà, ó dìde. Mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀, bó ṣe fi sin ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí di òní.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Ìjọba Rẹfolúsiọ̀n ti dé nígbà náà, Dàhòmì ti di Bẹ̀nẹ̀, olówó àti tálákà ti ń pe ara wọn ní kamaráàdì. Bí ẹnì kan bá ké "Ehuzu!", tó túmọ̀ sí pé nǹkan ti yí padà, gbogbo ọjà á dáhùn pé "Dandan!" Àwọn ìgbìmọ̀ àdúgbò tí ìjọba yìí yàn wọ ọjà lọ́jọ́ kan, ẹ̀yìn àwọn tálákà ni wọ́n sì ti ka orúkọ Kúbúrá.

"Ta ni ẹni yìí tó ń lu èèyàn lóǹtẹ̀ bíi màlúù?" ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Burujuwá gidi nìyí, olówó tó ń fi tálákà ṣe ẹrú!"

Òǹtẹ̀ náà ló júwe ilé fún wọn. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n gba ilé, wọ́n kó aṣọ inú rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn tó ń wọ aṣọ Kúbúrá gbọ́, jìnnìjìnnì bò wọ́n, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n dáná sun ún. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, kò sí orúkọ Kúbúrá lẹ́yìn alààyè kankan mọ́.

Òun àti Ràṣídátù kó lọ sí yàrá kan ní Agblangandan, lẹ́yìn ìlú. Àwọn tó ti jẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ń yà fún un lójú ọ̀nà. Ibà mú Ràṣídátù, kò sí ohun tí wọ́n máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọmọ náà sì kú láàárọ̀ ọjọ́ ìwọ́de kan tí ìjọba ní kí gbogbo ọlọ́jà jáde. Missèbo tì pa, Dantokpa tì pa. Kúbúrá kan ilẹ̀kùn méje, kò rí ọ̀pá aṣọ kan.

Hàwáù ló wá wẹ òkú. Ó mú aṣọ funfun kan dání, èyí tó kù sí ìsàlẹ̀ àpótí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tó tú u, Kúbúrá rí òǹtẹ̀ náà.

"Hàwáù, ṣé kò sí òmíràn ni?"

"Kò sí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo wá a, mo wá a."

Hàwáù kò rán an létí nǹkan kan. Ńṣe ni òun náà ń sunkún. Kúbúrá gbé aṣọ náà lọ sídìí kànga. Ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó fi eérú fọ̀ ọ́, ó fi òkúta ha á títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Tàdáà náà kò ṣí. Nígbà tí Alfa Ṣàkírù ní oòrùn ti ń wọ̀, wọ́n gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní tútù, wọ́n fi di Ràṣídátù, wọ́n sì gbé e wọ ilẹ̀ tòun ti orúkọ ìyá rẹ̀.

Kúbúrá lo ọdún mẹ́rin sí i láyé. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, kì í dáhùn.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún lówó, ẹ gbọ́ mi. Bí ẹ bá ṣàánú, ẹ ṣe é, kí ẹ sì máa lọ. Ojú ń ti tálákà, òkú pàápàá sì ní iyì tirẹ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀: ọ̀rọ̀ tí a fi ṣe ẹlẹ́yà sí ẹni tí ìyà ń jẹ, ó mọ ọ̀nà ilé wa. Ẹ má ṣe kọ orúkọ yín sára ẹni tí kò lè kọ̀ fún yín, torí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pa á rẹ́, omi lè má ràn yín lọ́wọ́.