Agbòjò Tata

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Tata wọ̀bìà nínú oko ẹ̀fọ́.

Àgbẹ̀ gbé ẹ̀rọ oògùn kòkòrò kọ́ ẹ̀yìn, gbogbo kòkòrò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Tata já ewé tẹ̀tẹ̀, ó fi ṣe agbòjò, ó ń kọrin:

Oògùn tí ò kàn mí,
Fín-ín, fín-ín!
Ṣé yóò pa mí ni?
Fín-ín, fín-ín!

Lóòótọ́, ẹ̀kán kan ò bà á lára.

Èèrà yọrí láti inú ihò tó sá sí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ju ewé yẹn nù o! Oògùn kan ń pani láti ara, òmíràn ń pani láti inú."

"Kí n ju oúnjẹ nù?" Tata jẹ agbòjò tán.

Inú rẹ̀ dà rú. Ó bì, ó bì, kò ṣáà kú. Bí ẹ bá mú Tata lónìí, tó tu itọ́ dúdú sí yín lọ́wọ́, ẹ má bínú: agbòjò ni kò tíì bì tán.