Ohun Tí Míìsì Túmọ̀ Sí

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ kò wá wo ìyá wọn títí ìyá fi kú. Ọdún mẹ́fà nìyẹn. Oníbàárà tó bá ti jókòó pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ aránṣọ ti gbọ́ ọ.

Nígbà tí ìyá ṣì wà láàyè, ẹ̀gbọ́n ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kan. Aránṣọ àti ìyá ti kó kúrò ní ilé àtijọ́, ẹ̀gbọ́n kò mọ ọ̀nà ilé tuntun, nítorí náà aránṣọ ni yóò lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Lọ́jọ́ náà, aránṣọ parí aṣọ ìyàwó kan, ó lọ̀ ọ́, ó sì fà á lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ibùdókọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni.

"Màmá, ọmọ yín já wa kulẹ̀," ló wí nígbà tó délé.

Ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́tà dé. Ìlà kan péré ni, ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ẹ̀gbọ́n kò mọ èdè ilé kọ. Aránṣọ, tó fúnra rẹ̀ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wò ó. Ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde wá kà á.

"Ó ní òun míìsì wa ní ibùdókọ̀. Àárò wa ló ń sọ ọ́."

"Àárò?" ni ìyá wí. "Ó dé ibùdókọ̀ ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, àárò sọ ọ́, kò sì wọkọ̀? Ọmọ mi ti di olórin."

Wọn kò fèsì lẹ́tà náà.

Láàárọ̀ Sátidé yìí, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n wọlé dé. Ó kúnlẹ̀, kò jókòó.

"Àǹtí, ara bàbá mi ò yá. Wọ́n fẹ́ wá sílé. Wọ́n ní ẹ ti kọ àwọn."

"Ẹni tí kò wá wo ìyá ẹ̀!"

"Wọ́n wá o. Wọ́n dúró láti aago méjì títí ọkọ̀ tó kẹ́yìn fi fẹ́ lọ ní aago mẹ́rin. Ṣebí wọ́n kọ̀wé pé àwọn míìsì yín."

"Àárò kọ́ ni?"

"Àárò kẹ̀? Wọ́n wá, wọn ò bá yín!"

Aránṣọ káwọ́ lérí. "Yéè! Èmi aláìkàwé! Gẹ̀ẹ́sì ti pa mí!"

Ọmọbìnrin náà dìde, ó dì mọ́ ọn. "Àṣìṣe ni, Àǹtí. Màá ṣàlàyé fún wọn. Lọ́la gan-an, wọ́n á ti dé." Ó na ọwọ́ sórí pákó tó wà lára ògiri, ó mú ìwé atúmọ̀ èdè. "Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni míìsì. Kéèyàn ju nǹkan, kó má bà, ìyẹn ló kọ́kọ́ túmọ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti di kéèyàn lọ bá ẹnì kan, kó má bá a. Àárò ló dé kẹ́yìn."

"Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni mo wá lọ gbé," ni aránṣọ wí, ó ń nu ojú.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tún wo ojú ìwé náà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Àǹtí, ta ló fi pẹ́ńsù kọ 'ó wá, kò bá mi, mo pẹ́' sí ẹ̀gbẹ́ ibí yìí, tó sì kọ déètì ìgbà tí Màmá àgbà ṣì wà láàyè sí i? Ẹ dá mi lóhùn."