Ọwọ́ Tó Rán Ojú Ọgbẹ́

Wọ́n ṣá káfíńtà kan ládàá ní ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn kékeré kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìyá rẹ̀ àti àwọn ará àdúgbò gbé e wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń kán tẹ̀lé wọn. Obìnrin tí ìjọba rán wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ ti jókòó. Ohun tó bá sọ ni yóò pinnu bóyá wọn yóò ti ilé ìwòsàn náà pa.

Dókítà jáde sí wọn, irun rẹ̀ tutù, ẹ̀wù funfun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, gbé òwú tó pọ̀ wá. Ọgbẹ́ èjìká kan egungun. Ti ẹ̀yìn kò jìn."

Ẹnikẹ́ni kò tíì tú aṣọ tí wọ́n fi di ọgbẹ́ náà. Orí obìnrin ìjọba wú: ojú tó mọ iṣẹ́ nìyí.

Bí dókítà ṣe fọwọ́ kàn án, káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀, ó ń ya ẹnu láìsí ohùn.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ẹ ti gba àdá tán, abẹ́rẹ́ lẹ wá ń sá fún!"

Abẹ́rẹ́ oorun wọlé, káfíńtà sùn lọ. Dókítà rán ojú ọgbẹ́ náà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi télọ̀ tó ń rán aṣọ ìyàwó.

"Ọmọ mi ní òun ní ọ̀rọ̀ tóun fẹ́ bá àlejò kan sọ níbí láàárọ̀ yìí," ìyá káfíńtà ń sunkún. "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ṣá a! Látìgbà tí ìyàwó yẹn ti kú ló ti ń lérí pé òun á gbẹ̀san!"

Kò tíì sọ ọ́ tán tí àwọn ará àdúgbò fi tú jáde. Wọ́n wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lódìkejì títì.

"Mi ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù o! Mo fi ìyá mi búra!"

"Búra lọ, apààyàn!"

Wọ́n fi bíríkì gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ fọ́n sílẹ̀. Wọ́n fi igi là á lórí kí ọlọ́pàá tó dé. Dókítà náà ló di orí yẹn.

"Ẹ rọra," ó sọ fún àwọn tó dì í mú. "Ọmọ èèyàn ni."

Òfin kò gbà kí ẹni tí wọ́n ṣá ládàá sùn sí ilé ìwòsàn kékeré. Obìnrin ìjọba ní kí wọ́n gbé káfíńtà sínú ọkọ̀ òun, kó máa lọ sí ti ńlá.

"Ẹ fi í sílẹ̀ síbí, mà," dókítà bẹ̀ ẹ́. "Èmi fúnra mi ni màá ṣọ́ ọ mọ́jú. Ẹnikẹ́ni ò ní wọ yàrá ọ̀hún."

Ó dun obìnrin náà láti gba aláìsàn lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò mojú ẹnìkan. Lójú ọ̀nà, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù pé òun kò rí irú ìtọ́jú yìí rí látìgbà tóun ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí káfíńtà lajú lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún ọlọ́pàá pé dókítà ló ṣá òun, kí òun má baà sọ fún obìnrin ìjọba bí ìyàwó òun ṣe kú sí dókítà náà lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, dókítà ti wà látìmọ́lé. Ọgbẹ́ orí ti pa ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà lóru, wọ́n sì ti sin ín.